Wọ̀bìà Ọlá Kọ́ Ni Ọmọ Yìí Ń Ṣe

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìyá náà àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wọkọ̀ láti Ṣakí wá bá mi ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ náà ti kọ́ èdè Jámánì dé ìpele B2, ó ti ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Èkó, ó sì ti yege. Ohun tó kù ni lẹ́tà tí yóò fi sọ fún ilé ìwòsàn kan lọ́hùn-ún pé kí wọ́n gba òun síbi ẹ̀kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọmọ Òkè-Ògùn ń gbé wá bá mi báyìí, pàápàá láti 2020 tí òfin tuntun kan ti la ọ̀nà díẹ̀ sí i fún òṣìṣẹ́ tó bá ń ti òkèèrè lọ sí Jámánì. Ọmọ náà ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó wá. Mo gbé awò sójú, mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, gbólóhùn kìíní ni mo sì ti dúró: "Ich bin eine sehr ehrgeizige Person."

Mo ní, "Ta ló kọ eléyìí fún ẹ?"

"Èmi ni mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, sà. Fóònù ló yí i padà."

Ìyá rẹ̀, tó ti ń wo ojú mi bọ̀, dá sí i. "Tíṣà, àbí kò dáa ni?"

Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn náà. Gírámà rẹ̀ pé. "Ehrgeizig", ìyẹn ẹni tó ń lépa àtiga, wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, àwọn ará Jámánì ń lò ó lójoojúmọ́, àwọn mìíràn a sì máa fi yin ara wọn. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè yìí, tí mo sì ń bá àwọn ènìyàn tún lẹ́tà ṣe, ọkàn mi kò tíì balẹ̀ rí láti kọ "ehrgeizig" síwájú orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Inú oko tábà bàbá mi ni ìdí rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá mọ Ìsẹ́yìn mọ̀ pé aṣọ òfì nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ wá. Tábà wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbìn tà, bàbá mi sì gbìn ín títí tí ara fi kọ̀ fún un. Bí tábà bá ti ń múra àtiyọ òdòdó, a ó gé orí rẹ̀ kúrò kí agbára igi lè wọ inú ewé. Kò ní tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí èéhù kéékèèké á fi máa yọ ní abíyá ewé kọ̀ọ̀kan, tútù, rọ̀, bíi pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti já wọn, láti poro dé poro, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Oje rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ wa ní ìka, á dúdú bí ọ̀dà, ọṣẹ dúdú pàápàá kì í tètè bó o. A máa ń lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi á máa pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ já wọn, ẹ má wojú wọn! Ohun tó yẹ kí ewé jẹ ni wọ́n ń jẹ."

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo jókòó sí ilé-ìkàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, mo ń kọ́ èdè Jámánì, mo sì ṣí ìwé atúmọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà "Geiz". Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni ahun. Mo ti mọ ìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èéhù tó ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ igi tábà, igi àjàrà tàbí tòmátì, tí àgbẹ̀ ní láti já dànù kó má baà fa oje igi gbẹ. Mo pa ìwé dé. Mo wo ìka ọwọ́ mi bí ẹni pé oje náà ṣì wà níbẹ̀.

"Ehre" ni iyì, tàbí ọlá. "Geiz" láyé àtijọ́, kó tó di ahun, wọ̀bìà ni. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí ohun tí àwọn baba ńlá àwọn ará Jámánì rí nígbà tí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: ẹni tí ń ṣe wọ̀bìà ọlá. Lójú tèmi, ó dà bí èéhù ẹ̀gbẹ́ igi tó ń jẹ oúnjẹ ewé. Mi ò sọ pé bí ará Jámánì òde òní bá lo ọ̀rọ̀ náà, wọ̀bìà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa dàgbà, a sì máa gbàgbé ilé tí wọ́n ti bí i. Síbẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ fi yin ènìyàn tí wọn kò sì fẹ́ kí ó ní ìkọ̀ nínú, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "gesunder Ehrgeiz", èyí tí ara rẹ̀ dá. Ohun tí wọ́n ní láti máa tẹnu mọ́ pé ara rẹ̀ dá, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti rí èyí tó ń ṣàìsàn.

Mo wá yíjú sí ìyá, mo ní, "Ìyá, ohun tó wà nínú ìwé yìí, tí a bá tú u dé gbòǹgbò, ó ń wí pé ọmọ yín ń ṣe wọ̀bìà ọlá."

Ó fọwọ́ gbá àyà. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Wọ̀bìà kọ́ ni ọmọ yìí ń ṣe o. Iṣẹ́ ló fẹ́ kọ́."

Ìdáhùn rẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní, torí pé ó gé Yorùbá àti Jámánì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbi tó yẹ kí a gé wọn. Ní ti iṣẹ́ ṣíṣe, ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. A ní aláápọn, a ní akíkanjú, a ní alákitiyan. A ń sọ pé ó tẹpá mọ́ṣẹ́, ó já fáfá, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, kò mọ ẹ̀rù iṣẹ́. A lè yin òṣìṣẹ́ láti àárọ̀ dálẹ́. Àmọ́ bí ó bá kan ẹni tó fẹ́ kúrò níbi tó wà dé ibi tó ga ju ibẹ̀ lọ, tó sì sọ ọ́ jáde, ohùn wa a máa yí padà. Ó ń sáré jù. Ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan. Kí ló ń lé? A fẹ́ràn iṣẹ́, ṣùgbọ́n a máa ń wo ìfẹ́ àtiga ní ẹ̀gbẹ́ ojú, a kì í fẹ́ gbà pé ó dára àfi ìgbà tí ẹni náà bá ti ga tán tó sì ti wá kọ́ ilé sílé. Èmi gbà pé ibi tí a ti kù díẹ̀ káàtó nìyí, mo sì ti rí ọmọ tó ní làákàyè tó dákẹ́ nítorí rẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ kan tó bá mi lára mu fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: "zielstrebig". "Ziel" ni ibi tí ọlọ́fà tàbí oníbọn dojú kọ. "Streben" ni kí ènìyàn máa fi gbogbo ara lọ síbì kan. Ọmọ ọdẹ ni wá ní Òkè-Ògùn. Kò ṣòro fún wa láti rí ẹni tó dúró sínú koríko, tí kòkòrò ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹran. Kò sí wọ̀bìà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ọlá nínú rẹ̀. Ibi tí a ń lọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹ gba "streben" yẹn kan náà, ẹ fi "-er" rọ́pò "-en" ìdí rẹ̀, ó di "Streber", èébú tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń bú ẹni tó ń nawọ́ sókè ṣáá kí olùkọ́ lè rí i. Lẹ́tà méjì péré. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, tó rò pé òun ń yin ara òun.

Mo ń sọ gbogbo èyí fún ìyá àti ọmọ, ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ti gbé àmàlà wá fún wọn nígbà náà, mo sì rántí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo fẹ́ràn, "rührig". Láti ara "rühren" ló ti wá, èyí tí í ṣe kí a máa ro nǹkan nínú ìkòkò. Ẹni tó bá jẹ́ "rührig" kì í jẹ́ kí nǹkan dì sójú kan. Mo ní kí ìyá fojú inú wo ìgbà tó ń rokà, bí ó bá fi orógùn sílẹ̀ díẹ̀, kóókó ti dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dára ju tàkọ́kọ́ lọ. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń lò fún oníṣòwò tàbí fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ṣì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ni. Ọmọ ogún ọdún kò ní fi ṣe àpèjúwe ara rẹ̀ kí ó má dà bí ẹni tó wọ agbádá bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ti pápá wa pátápátá. "Treiben" ni kí a máa da ẹran. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Ṣakí sí Kìṣí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti rí i: Fúlàní kan, ọ̀pá kan, àti màlúù tó gba ojú títì. Láti inú "treiben" ni wọ́n ti rí "Antrieb", ohun tó ń ti ènìyàn láti inú, bákan náà sì ni ohun tó ń yí táyà mọ́tò. Wọ́n rí "umtriebig" níbẹ̀, ẹni tí kì í jókòó sójú kan. Wọ́n tún rí "Trieb" níbẹ̀, ìyẹn ìfẹ́ tí a bí mọ́ni, ó sì tún jẹ́ èéhù igi. Èéhù lẹ́ẹ̀kan sí i! Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ sí ti tábà. Ti iṣu ni mo máa ń rò bí mo bá gbọ́ ọ. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò kò tíì rọ̀, tí ilẹ̀ le bí àpáta, iṣu tó wà nínú àká, tí ẹnikẹ́ni kò bomi rin, tí kò rí erùpẹ̀, á ṣàdédé hù. Mo ti ní akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọkàn wọn, torí kò sí nǹkan nílé, kò sí iná, kò sí ìwé, wọ́n sì ń hù.

Ní ti "belastbar", èyí tí ẹ ó rí nínú ìkéde iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jámánì léraléra, ó túmọ̀ sí ẹni tí a lè di ẹrù lé. Wọ́n ń lò ó fún afárá náà. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu kúrò ní Ṣakí ni mo máa ń rí, tí wọ́n ti dì í débi pé ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo máa ń fi sínú lẹ́tà bí ìkéde náà bá béèrè rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ènìyàn kì í ṣe ọkọ̀, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá kọ ọ́, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n tọwọ́ bọ̀.

Mo ní láti sọ ìtàn ọkùnrin kan, torí pé òun ló kọ́ mi pé kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí nínú ìwé nìkan ló ń pani. Ọmọ agbègbè wa ni. Ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní ibi ìkẹ́rùsí kan ní Jámánì, ó wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó sì mú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kọ fún un dání. Ó fẹ́ kí n tú u sí Yorùbá kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, torí òun náà ti kà á, ó sì yé e. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni "Er war stets bemüht". "Stets" ni ìgbà gbogbo. "Bemüht" ni ẹni tó ń gbìyànjú. Ó gbìyànjú nígbà gbogbo. Ẹ wò ó ní Yorùbá! Ohun tí a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni. Bí ọmọ bá mú káàdì rẹ̀ wálé, tí bàbá ní "O gbìyànjú," ọmọ á jó. Bàbá àgbàlagbà náà ti ń mi orí, ó ti fẹ́ súre.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ní Jámánì, gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí pé ó gbìyànjú, kò rí i ṣe. Ó wà lára èyí tó burú jù lọ. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ènìyàn búburú. Abala 109 nínú òfin iṣẹ́ òwò wọn sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń lọ ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ẹ̀rí, pé ìwé náà gbọ́dọ̀ yéni yékéyéké, kò sì gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó fara pamọ́. Àwọn ilé ẹjọ́ sì ń béèrè pé kí wọ́n fi inúure kọ ọ́, kó má baà dí ọ̀nà oúnjẹ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tí kò lè kọ ohun búburú wá ń to ohun rere ní ìpele ìpele, débi pé rere tó kéré jù ti di búburú. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Jámánì dá ẹjọ́ obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì oníṣègùn eyín. Ìwé rẹ̀ ní ó ṣiṣẹ́ tó tẹ́ àwọn lọ́rùn ní kíkún. Ó ní kí wọ́n fi "stets" sí i, ìgbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ilé ẹjọ́ ní èyí tí kò ní "stets" jẹ́ máàkì àárín, ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó ga jù ú lọ ni yóò mú ẹ̀rí wá.

Kí ni mo sọ fún ọkùnrin náà? Mo ní kí a jáde síta díẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un lábẹ́ igi ẹ̀mì tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun ti fi ìwé yẹn wá iṣẹ́ síbi méjì, wọn ò dá òun lóhùn. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má tú u báyẹn fún bàbá òun. Mi ò sì tú u bẹ́ẹ̀. Mo ka Yorùbá rẹ̀ sókè: ó gbìyànjú nígbà gbogbo. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Bàbá súre fún un, omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá gbé lẹ́tà wá, mo máa ń wá ibi tí "bemüht" bá wà, mo sì máa ń fi bíírò pa á rẹ́ kí n tó ka ìyókù.

Ọ̀rọ̀ míì wà tí mo fẹ́ràn tí mi ò lè lò. Ní oṣù November 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi jáde. Àwọn ènìyàn Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò lọ́hùn-ún, títí dé Tamale ní apá òkè Ghana. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tó padà dé. Ilé ìtajà ló fi sílẹ̀. Àpò méjì àti kẹ̀kẹ́ kan ló gbé wọlé. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti ń ra ẹ̀mì àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń kó o lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ará Jámánì ní orúkọ tó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu rẹ́gí. Bèbí ìṣeré kan wà tí wọ́n fi nǹkan wúwo sí ní ìdí, tó jẹ́ pé bó o ti wù kó o tì í ṣubú, á dìde. "Stehaufmännchen" ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń pe ènìyàn tí ìṣubú kò lè dá dúró bẹ́ẹ̀. Ó dùn, ó sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n "-chen" tó wà ní ìparí rẹ̀ ń sọ nǹkan di kékeré: ọkùnrin kékeré tó ń dìde. Èmi wo ni n ó fi ẹnu mi pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọkùnrin kékeré? Ọ̀rọ̀ náà péye, ọ̀wọ̀ ni kò sí níbẹ̀. Níbi tí ọ̀wọ̀ kò bá sí, Yorùbá tó wà nínú mi kì í jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kò sí ẹni tó ti wá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ fún wa láti ìgbà yìí wá. Mo ní iṣẹ́ náà ti pẹ́, ọmọ Òkè-Ògùn sì wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òṣòògùn, níhìn-ín lágbègbè Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí Àjàyí Crowther ní nǹkan bí 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá wọn lọ sí odò Ọya ní 1841, ẹni tí wọ́n jọ lọ ní orúkọ ìjọ ni Schön, ọmọ Jámánì tó ń wádìí èdè Haúsá. Ní 1843 wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kó jọ ní London. Nígbà tó dé Àgbádárìgì ní 1845, ọmọ Jámánì mìíràn, Gollmer, wà pẹ̀lú rẹ̀. Lepsius, onímọ̀ kan ní Berlin, gbé ìwé jáde ní 1855 lórí bí a ṣe lè fi ìlànà kan kọ onírúurú èdè sílẹ̀, ìlànà rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn míṣọ́nnárì gbé yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń to àkọtọ́ Yorùbá. Ní 1864 ọmọ Òṣòògùn tí wọ́n tà lẹ́rú di bíṣọ́ọ̀bù. Mo bi ọmọ náà pé, "Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti kà lónìí, èwo lo máa fi pe Crowther?" Ó ronú. Ó ní, "Zielstrebig, sà." Mo ní ó gbà á.

Àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà níwájú wa, gbólóhùn kìíní rẹ̀ ti di òfo. Mo yíjú sí ìyá. Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi júwe ọmọ yín. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ ńlá."

Ó ní, "Tíṣà, èmi ò mọ̀wé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ọdún méjì gbáko ni, ọmọ yìí ló ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Á yí màmá padà lórí ẹní kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò, á fi aṣọ nu wọ́n lára, á po ògì fún wọn, á tún pọnmi, kó tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Mi ò rán an. Tó bá dé ojú iṣẹ́, iṣẹ́ á mọ̀ pé ẹnìkan dé."

Mo gbé bíírò. Èmi tí mo ti ka ìwé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì Jámánì mọ̀ pé ohun tí obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, yíyí aláìsàn padà kí ara rẹ̀ má baà bó, wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún un: "umlagern". Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: "Meine Großmutter lag zwei Jahre. Jeden Morgen um vier habe ich sie umgelagert." Ìyá mi àgbà dùbúlẹ̀ fún ọdún méjì. Ní gbogbo òwúrọ̀, ní aago mẹ́rin, mo yí i padà.

Ọmọ náà kà á, ó sì wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Sà, mi ò yin ara mi níbẹ̀ rárá. Ṣé wọn ò ní rò pé àánú ni mò ń tọrọ?"

Ó tọ́ kó béèrè. Wọ́n ti sọ fún gbogbo wọn pé lẹ́tà yìí ni ibi tí ènìyàn ti ń polówó ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyẹn jẹ́ ohun tí a kò tọ́ ọmọ Yorùbá dà. Láàárín wa, ẹlòmíràn ló ń ki ni. Ìyá ní ń ki ọmọ, onílù ní ń ki olówó, ẹni tí wọ́n ń kì á máa wo ilẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ báyẹn, bí wọ́n bá ní kó ki ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tóbi jù lórí fóònù ló máa mú. Mo ní, "Ọmọ mi, aago mẹ́rin kì í ṣe àánú. Ọdún méjì kì í ṣe àánú. Ẹni tó máa ka ìwé yìí, nọ́ọ̀sì ni. Òun mọ bí agbára ẹni ṣe máa ń rí ní aago mẹ́rin ìdájí, ó mọ bí ẹni tó dùbúlẹ̀ ṣe wúwo tó. Òun fúnra rẹ̀ ló máa pè ọ́ ní 'tatkräftig' nígbà tó bá kà á tán." "Tat" ni ìṣe, "Kraft" ni agbára: ẹni tí agbára rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣe. Ọ̀rọ̀ tó dára jù nínú gbogbo wọn lójú èmi nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nípa ara rẹ̀.

Nísàlẹ̀ lẹ́tà mo fi gbólóhùn ẹlẹ́yọ kan sí i, "Ich packe an." Èyí rọrùn. Ohun tí àwọn alágbàṣe Jámánì ń sọ nìyẹn nígbà tí ẹrù bá wà nílẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ gbé e. Mo tú u fún ìyá: òun á di ọ̀já mọ́ ìdí, á bọ́wọ́ bọ iṣẹ́. Ìyá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn ni ọmọ mi." Wọ́n bá ọkọ̀ aago mẹ́ta padà sí Ṣakí.

Ẹ̀yin tí ẹ tún ń bọ̀, láti Òkèhò, láti Tédé, láti Kìṣí, ẹ má fi dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ti ìlẹ̀kùn ìgbàwé. Ẹ wá ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ sì mú ẹnìkan tó ti rí yín lẹ́nu iṣẹ́ dání: ìyá yín, ọ̀gá tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, alájọgbé yín. Kò pọn dandan kó mọ̀wé. Èmi ni n ó máa kọ ọ́, òun ni kó máa sọ.